Làdí Kwali, Amọ̀kòkò Tó Wọ Ilé Iṣẹ́ Ọkùnrin

Ojú obìnrin yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Òdòde. Ẹni tó bá yí owó ogún náírà sí ẹ̀yìn yóò rí i níbi tó ti ń mọ ìkòkò ńlá. Làdí Kwali ni orúkọ rẹ̀. A fẹ́ kí àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wa mọ ìtàn rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí a tó jẹ́ kí ọmọbìnrin kọ́ iṣẹ́ káfíńtà tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Ní nǹkan bí ọdún 1925 ni a bí i ní Kwali, láàárín àwọn Gbagyi tí àwọn mìíràn ń pè ní Gwari, ní agbègbè olú-ìlú wa Àbújá ti òní. Làdí ni orúkọ tí àwọn Haúsá ń sọ ọmọbìnrin tí a bí ní ọjọ́ Àìkú. Lọ́dọ̀ àwọn Gbagyi, gẹ́gẹ́ bí lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, obìnrin ló ni iṣẹ́ ìkòkò, àǹtí rẹ̀ ló sì kọ́ ọ. Kò lo ẹ̀rọ kankan. Yóò yí amọ̀ bí okùn, yóò tò ó léra, yóò sì máa fẹ̀yìn rìn yí ìkòkò náà ká títí yóò fi ga. Lẹ́yìn náà ni yóò fín alángbá, àkekèé, ẹja àti ejò sí i lára. Ìkòkò rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí Ẹ́míà Àbújá àtijọ́, tí à ń pè ní Sùlèjá nísinsìnyí, fi kó wọn sí ààfin. Ibẹ̀ ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Ìlú Ọba tí ìjọba gbà síṣẹ́, ti rí wọn.

Cardew dá ilé ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ ní ìlú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ẹ wo ohun ìyanu: iṣẹ́ tó jẹ́ ti obìnrin ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba kọ́ ilé fún un, tí ẹ̀rọ àti ààrò ńlá wọ inú rẹ̀, ọkùnrin nìkan ni wọ́n gbà. Ní 1954 ni Làdí wọlé, obìnrin àkọ́kọ́. Ó kọ́ bí a ti ń fi ẹ̀rọ yíyí mọ ìkòkò àti bí a ti ń kùn ún kí ó lè dán bí àwo, síbẹ̀ kò pa ọ̀nà àǹtí rẹ̀ tì. Ohun kan kò ṣeé fojú fò: àmù àwọn ìyá wa ń mú omi tutù nítorí pé ó ń làágùn, èyí tí a kùn kì í làágùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò rẹ̀ ṣe kúrò ní kọ̀rọ̀ ilé, tó di ohun àfihàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958.

Kò dá wà níbẹ̀ títí lọ. Halima Audu, Asibi Ido àti Kande Ushafa tẹ̀ lé e wọlé, àwọn obìnrin sì ní yàrá iṣẹ́ tiwọn, Dakin Gwari. Ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Ní 1972 ó bá Cardew lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ènìyàn ti péjọ láti wo bó ṣe ń fẹ̀yìn rìn yí amọ̀ ká. Kò kàwé, ṣùgbọ́n Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977.

Ó kú ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 1984. Ilé ìkọ́ṣẹ́ tó ti jẹ́ ti ọkùnrin nìkan kí ó tó dé ibẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.