Walter Dandy, dókítà tó wá ọ̀nà fún omi inú ọpọlọ ọmọdé

Ìyá tí orí ọmọ rẹ̀ ń tóbi sí i lójoojúmọ́ kò lè fi ẹ̀dọ̀ lórí òrònro. Omi tó kún inú ọpọlọ ló máa ń fa àìsàn yìí. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, agbára káká ni ọmọ tó bá ní i fi ń yè é. Ọ̀kan lára àwọn tó kọ̀ láti kawọ́ gbera nípa rẹ̀ ni Walter Dandy, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin, ọdún 1886 ni wọ́n bí i nílùú Sedalia, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Lọ́dún 1910, Dandy parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Johns Hopkins, nílùú Baltimore, ó sì di ọmọ iṣẹ́ Harvey Cushing, àgbà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n àárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ kò gún. Nígbà tí Cushing kó lọ sí Boston lọ́dún 1912, kò mú Dandy dání.

Dandy kò torí ìyẹn pa iṣẹ́ tì. Òun àti Kenneth Blackfan, dókítà àwọn ọmọdé, fi ajá ṣe ìwádìí. Wọ́n dí ihò tóóró tí omi ń gbà kọjá nínú ọpọlọ, ni omi bá kún ẹ̀yìn rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe fi hàn pé inú ọpọlọ gan-an ni omi náà ti ń sun, àti pé tí ọ̀nà rẹ̀ bá dí, wàhálà dé.

Ìwòsàn ló wá le. Lọ́dún 1918, Dandy gé ẹran kékeré tí omi náà ti ń sun kúrò nínú ọpọlọ ọmọ mẹ́rin, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kú. Lọ́dún 1922, ó la orí, ó sì dá ihò mìíràn tí omi lè gbà, àmọ́ ó ní láti gé ọ̀kan nínú iṣan tí ojú fi ń ríran. Lọ́dún yẹn kan náà, ó ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníná, èyí tí wọ́n fi ń wo àpò ìtọ̀, bọ inú ọpọlọ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dún 1923, William Mixter nílùú Boston fi irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ dá ihò náà fún ọmọbìnrin olóṣù mẹ́sàn-án, láìla orí rẹ̀ gbayawu.

Irinṣẹ́ ìgbà náà kò dára tó. Nígbà tí rọ́bà tó ń fa omi láti orí lọ sí ibòmíràn nínú ara dé láàárín ọdún 1950 sí 1960, ọ̀pọ̀ dókítà pa ọ̀nà Dandy tì. Òun ti kú kó tó dìgbà náà. Àìsàn ọkàn ló pa á lọ́jọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin, ọdún 1946, lẹ́ni ọgọ́ta ọdún.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Rọ́bà náà máa ń dí, kòkòrò àrùn sì lè wọ̀ ọ́. Ìyà ńlá nìyẹn fún ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ọsibítù. Nígbà tí irinṣẹ́ oníkámẹ́rà dé, àwọn dókítà padà sí ọ̀nà àtijọ́. Lẹ́yìn ọdún 2000, Benjamin Warf, nílùú Mbale, lórílẹ̀-èdè Uganda, pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀: ó dá ihò fún omi, ó sì jó ẹran tí omi ti ń sun, láti ojú ihò kékeré kan. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló bá mu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ti bọ́ lọ́wọ́ rọ́bà.

Ẹ̀yin òbí, tí orí ọmọ yín bá ń yára tóbi, ẹ má ṣe dúró. Ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù.