Fájuyì kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀

Bárékè Abẹ́òkúta ni ìbọn ti kọ́kọ́ dún lóru ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje, ọdún 1966. Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn ṣọ́jà ti yí ilé ìjọba ká n'Íbàdàn. Olórí ìjọba ológun, Aguiyi-Ironsi, àlejò Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ni wọ́n ń wá.

Ọmọ Adó-Èkìtì ni Fájuyì, ẹni ogójì ọdún. Ẹ má gbàgbé pé òun kan náà ló kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yọ nígbà táwọn ọ̀tá ba dè wọ́n ní Kóńgò, tó fi gba àmì-ẹ̀yẹ Military Cross lọ́dún 1961.

Wọ́n ní ó kọ̀ jálẹ̀ pé àlejò òun kò ní í dá lọ. Ìtòsí Lálúpọn ni wọ́n ti yìnbọn pa àwọn méjèèjì. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967 ni wọ́n tó sin ín n'Ádó-Èkìtì.