Eugène Houdry

Eugène Jules Houdry (ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 1892 – ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1962) jẹ́ onímọ̀-ẹ̀rọ àti olùhùmọ̀ ọmọ ilẹ̀ Fránsì tí ó di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó mú kí lílo katalísì láti sọ epo rọ̀bì di epo bẹntiróòlù gbilẹ̀ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ìfọpo. Òun náà ni ó ṣe ọ̀kan lára àwọn àpótí katalísì àkọ́kọ́ tí ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́ kí ó tó jáde sí afẹ́fẹ́. Katalísì ni ohun tí ń mú kí ìyípadà láàárín àwọn èròjà yá kánkán, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán nínú iṣẹ́ náà. Ìbéèrè kan ni ó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ọjọ́ ayé Houdry: bí katalísì kì í bá tán, kí ni ó ń sọ ọ́ di aláìwúlò? Ìbéèrè yìí kan náà ni mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ dáhùn lónìí nígbà tí ẹ̀rọ tí ń fọ èéfín ọkọ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

A bí Houdry ní Domont, ìlú kékeré kan nítòsí Párísì. Bàbá rẹ̀ ni ó ni ilé-iṣẹ́ irin kan. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ École des Arts et Métiers, ó sì jáde ní ọdún 1911 pẹ̀lú ipò kìíní láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dara pọ̀ mọ́ bàbá rẹ̀ nínú òwò irin.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Houdry jẹ́ ọ̀gá ológun ní ẹ̀ka ọkọ̀ ogun onírin. Ní ọdún 1917, ó fara gbọgbẹ́ gidigidi ní Juvincourt, nínú ìjà ńlá àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ Fránsì ti kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sójú ogun. Ìjọba fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Croix de Guerre nítorí ìgboyà rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, eré ìje ọkọ̀ gbà á lọ́kàn. Ní ọdún 1922, ó rìnrìn-àjò lọ sí Amẹ́ríkà, ó ṣe àbẹ̀wò sí ilé-iṣẹ́ Ford, ó sì wo ìje ńlá tí wọ́n máa ń ṣe ní Indianapolis. Ó rí i pé bí ẹ́ńjìnnì ti ń lágbára sí i ni ó ń béèrè epo tí ó dára jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ ti kúrò lórí irin, tí ó sì yí sí epo.

Ìwádìí rẹ̀ lórí katalísì

Ilẹ̀ Fránsì ní èédú ilẹ̀, ṣùgbọ́n epo rọ̀bì rẹ̀ kò tó nǹkan. Houdry gbọ́ pé apòògùn kan ní ìlú Nice, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Prudhomme, ti rí ọ̀nà tí a fi lè mú epo bẹntiróòlù jáde láti inú líígínáìtì, èyí tí í ṣe irú èédú ilẹ̀ kan. Ó kó àwọn onímọ̀ jọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní Beauchamp, nítòsí Párísì. Ní ọdún 1929, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fi dán ọ̀nà yìí wò ń lo 60 tọ́ọ̀nù líígínáìtì lójúmọ́. Ṣùgbọ́n owó tí ó ń ná wọn pọ̀ ju èrè lọ, wọ́n sì tì í.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Houdry ti ń gbìyànjú ọ̀nà kejì, èyí tí í ṣe fífi katalísì fọ́ epo rọ̀bì tó ki sí wẹ́wẹ́ kí ó lè di epo bẹntiróòlù. Oríṣiríṣi nǹkan ni ó dán wò kí ó tó rí i pé amọ̀ tí ó ní sílíkà àti àlúmínà nínú ni ó ṣiṣẹ́ jù. Ọkọ̀ Bugatti rẹ̀ ni ó fi ń dán epo tí ó bá rí wò.

Ìṣòro ńlá kan dojú kọ ọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, katalísì náà yóò kú. Àwọn mìíràn ti pàdé ìṣòro yìí ṣáájú rẹ̀. Houdry yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó sì rí i pé amọ̀ náà kò bàjẹ́ rárá: kábọ́nù tí ó jáde láti inú epo ni ó bò ó lójú, tí epo kò fi lè kàn án mọ́. Bí a bá fi afẹ́fẹ́ gbígbóná jó kábọ́nù náà kúrò, katalísì yóò tún máa ṣiṣẹ́ bí ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, ó to àwọn ìkòkò iṣẹ́ mélòó kan sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá ń fọ́ epo fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, wọn yóò máa jó kábọ́nù inú èkejì dànù, kí iṣẹ́ má baà dúró.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ilé-iṣẹ́ Vacuum Oil pe Houdry wá sí Paulsboro ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní ọdún 1930. Ní ọdún 1931, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Houdry Process Corporation sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ Sun Oil sì dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1933. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Paulsboro ní ọdún 1936, pẹ̀lú agbára láti fọ 2,000 àgbá epo lójúmọ́. Ní ọdún 1937, Sun Oil gbé èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ dìde ní Marcus Hook ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Nǹkan bí ìdajì epo tí ó bá gba inú ẹ̀rọ yìí kọjá ni ó ń di epo bẹntiróòlù tó dára, èyí tí ó pọ̀ ju ohun tí wọ́n ń rí lọ nígbà tí ó jẹ́ pé ooru nìkan ni wọ́n fi ń fọ́ epo.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, epo tí ẹ̀rọ Houdry ń mú jáde wúlò púpọ̀ fún àwọn ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì. Ó tún ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà láti mú èròjà tí wọ́n fi ń ṣe rọ́bà àtọwọ́dá jáde. Nígbà tí Jámánì ṣẹ́gun Fránsì, Houdry kọ̀ láti tẹ̀ lé ìjọba Vichy, ó sì di olórí ẹgbẹ́ France Forever ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tí ń ti Charles de Gaulle lẹ́yìn. Nítorí èyí, ìjọba Vichy gba ẹ̀tọ́ ọmọ ilẹ̀ Fránsì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1941. Ó di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ọdún 1942.

Àpótí katalísì fún èéfín ọkọ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1950, ìròyìn kàn pé èéfín ọkọ̀ wà lára ohun tí ó ń dá kùrukùru olóró sílẹ̀ ní ìlú Los Angeles. Houdry, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti mú kí epo bẹntiróòlù pọ̀ káàkiri, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ohun tí èéfín epo náà lè ṣe fún ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn. Ó dá ilé-iṣẹ́ Oxy-Catalyst sílẹ̀ láti wá ojútùú sí i.

Ọgbọ́n tí ó lò kò jìnnà sí ti àtẹ̀yìnwá. Bí ẹ́ńjìnnì bá jó epo, ó máa ń ku epo tí kò jóná tán àti kábọ́nù mónóksáídì, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn. Houdry mú àwọn ọ̀pá tánganran, ó fi àlúmínà àti pilatínọ́mù bò wọ́n, ó sì tò wọ́n sójú ọ̀nà èéfín. Bí èéfín gbígbóná bá ti ń gba ibẹ̀ kọjá, ìyókù epo náà yóò jóná di omi àti kábọ́nù dáyọ́ksáídì. Ní ọdún 1956, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé-àṣẹ olùhùmọ̀ lórí àpótí katalísì. Wọ́n lò ó lójú ihò èéfín ilé-iṣẹ́ àti lára àwọn ọkọ̀ agbẹ́rù tí ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìkẹ́rùsí.

Ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ pẹ́ lára ọkọ̀ tí ń rìn ní títì. Òjé ni ó fà á. Láti ọdún 1921 tí Thomas Midgley ti ṣàwárí pé àdàpọ̀ òjé kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa kanlẹ̀, ni òjé ti wọ inú epo bẹntiróòlù káàkiri ayé. Òjé yìí a máa lẹ̀ mọ́ pilatínọ́mù. Kábọ́nù tí Houdry bá ní Beauchamp ṣeé jó dànù, ṣùgbọ́n òjé kò ṣeé jó. Katalísì tí òjé bá ti bò ti kú nìyẹn. Àbùkù náà kò sí lára àpótí, inú epo ni ó wà, agbára Houdry kò sì ká epo tí gbogbo ayé ń rà.

Ikú rẹ̀ àti ohun tí ó tẹ̀ lé e

Houdry kú ní Upper Darby, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní ọdún 1962, ní ẹni 70 ọdún. Ìhùmọ̀ rẹ̀ kò tí ì wọ inú ọkọ̀ àwọn ará ìlú nígbà náà. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Amẹ́ríkà ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti ọdún 1970. Ní ọdún 1974, àṣẹ pé kí àwọn ilé epo máa ta epo tí kò ní òjé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ti ọdún 1975 sì jáde pẹ̀lú àpótí katalísì. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Engelhard, tí John Mooney àti Carl Keith jẹ́ aṣáájú wọn, tún ṣe irú èyí tí ń pa oró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tánganran tí ó ní ihò bí afárá oyin ni wọ́n ń lò nínú àpótí òde òní.

Àyẹ̀wò àpótí tí ó daṣẹ́ sílẹ̀

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣáájú àpótí katalísì àti lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó wà níwájú a máa lọ sókè sódò. Bí àpótí bá ń ṣiṣẹ́, èyí tó wà lẹ́yìn yóò dúró jẹ́ẹ́. Bí ti ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi ti iwájú, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò tan iná sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, yóò sì kọ àmì P0420 sílẹ̀.

Àmì yìí kò túmọ̀ sí pé kí a yọ àpótí dànù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Páìpù tó lu lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ńsọ̀ tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ti gbó lè tan kọ̀ǹpútà jẹ. Bí ọkọ̀ kò bá lágbára mọ́ lórí òkè, ó ṣeé ṣe kí àpótí ti dí. Bí ó bá ń ró wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ nígbà tí a bá kàn án, tánganran inú rẹ̀ ti fọ́. Bí ó bá sì dájú pé ó ti kú, ó yẹ kí a wá ohun tí ó pa á. Púlọ́ọ̀gì tí kò tanná a máa rán epo tútù lọ síbẹ̀, epo náà yóò jó nínú àpótí, yóò sì yọ́ tánganran. Ríìngì tó ti jẹ a máa jẹ́ kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lọ bo katalísì. Bí a kò bá tún ìwọ̀nyí ṣe, àpótí tuntun tí a rà yóò kú bíi ti àkọ́kọ́.

Lára ọkọ̀ tí ń lo dísù, àsẹ́ kan wà tí ń gba èédú inú èéfín dúró. Bí ọkọ̀ bá sáré pẹ́ tó láti gbóná, ẹ̀rọ yóò jó èédú náà kúrò, gẹ́gẹ́ bí Houdry ti ń jó kábọ́nù. Ìrìn kúkúrú àti ìdúró lemọ́lemọ́ kì í jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀, àsẹ́ náà a sì dí.

Ìhùmọ̀ Houdry ní agbègbè Ìbàdàn

Ìpàdé kan wáyé ní Dakar ní oṣù Kẹfà ọdún 2001, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ti pinnu láti yọ òjé kúrò nínú epo bẹntiróòlù, ìpinnu náà sì ṣẹ nígbà tí ọdún 2006 bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó bá dé pẹ̀lú àpótí katalísì tí ó ṣì dára, epo tí a rọ sí i ni yóò pa á. Imí-ọjọ́ inú epo náà a máa dín agbára katalísì kù. Nítorí ìdí èyí ni ECOWAS fi pinnu ní ọdún 2020 pé kí imí-ọjọ́ inú epo má ju ìpín 50 nínú mílíọ̀nù kan lọ.

Ní àwọn ìlú bíi Mọ́níyà ní Akínyẹlé, Ìyànà Ọfà ní Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá, àti Àkànràn ní Ọ̀nà-Àrà, ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń kó ẹ̀gẹ́, ẹ̀fọ́ àti kòkó jáde láti oko. Ojú ọ̀nà tí kò dán a máa kọ lu ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tánganran kò sì fẹ́ ìkọlù. Nítorí pilatínọ́mù tó wà nínú rẹ̀, àwọn kan a máa ra àpótí katalísì àlòkù. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti gé tirẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì fi páìpù lásán dí àyè rẹ̀. Ọkọ̀ náà yóò rìn, ṣùgbọ́n èéfín tí Houdry fẹ́ fọ̀ mọ́ yóò máa jáde ní tútù sí ojú àwọn awakọ̀, èrò àti àwọn tí ń tajà ní gáréèjì.

Àmì-ẹ̀yẹ

Houdry gba àmì-ẹ̀yẹ Perkin ní ọdún 1959. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn olùhùmọ̀ ńlá ti Amẹ́ríkà ní ọdún 1990. Ní ọdún 1996, Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Kẹ́místrì Amẹ́ríkà kéde iṣẹ́ ìfọpo rẹ̀ ní Marcus Hook gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí nínú ìtàn ìmọ̀ kẹ́místrì.