Gifford Pinchot: Ọmọ Ìdílé Onígẹdú tí ó Di Baba Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Igbó

Ẹni tí ó bá gbin igi gẹdú lónìí kì í sábà là á sí pákó fúnra rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀, ni yóò fi í kan ilẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú igbó fi ṣòro láti wọ ènìyàn létí, nítorí pé ohun tí a ó kórè lọ́dún yìí ni ojú olúkúlùkù wa ń wò. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa nínú ìwé ọdọọdún yìí fi ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ nínú ayé rẹ̀ sí iṣẹ́ náà. Gifford Pinchot ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni. Ó ti pẹ́ tí ó ti re ibi àgbà ń rè, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ dá sílẹ̀ ṣì wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń tọ ọ̀nà tí ó là títí di òní.

A bí Pinchot ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1865, ní Simsbury ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní ọdún náà gan-an tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí. Ilẹ̀ Faransé ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá ní 1816, lẹ́yìn ìṣubú Napoleon, wọ́n sì tẹ̀dó sí Milford ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Níbẹ̀ ni baba baba rẹ̀, Cyrille Pinchot, ti di onígẹdú pàtàkì. Yóò ra ilẹ̀ igbó, yóò gé igi orí rẹ̀, yóò sì jẹ́ kí odò Delaware gbé gẹdú náà lọ sí ọjà. Bí igi bá tán lórí ilẹ̀ kan, a máa ṣí lọ sí òmíràn. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwà gbogbo onígẹdú ilẹ̀ náà nìyẹn, nítorí wọ́n rò pé igbó Amẹ́ríkà kò lè tán láéláé.

James Pinchot, baba Gifford, kò ṣe òwò gẹdú. Òwò ìwé alárabarà tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ni ó ṣe ní ìlú New York, ó sì là púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá padà sí Milford, àwọn òkè tí a ti gé igi wọn tán ni ó ń rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ní 1885, bí ọmọ rẹ̀ ti ń múra àti wọ Yunifásítì Yale, ó bi í léèrè bí yóò bá fẹ́ fi ìtọ́jú igbó ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ìbéèrè àrà ni èyí, nítorí kò sí ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní gbogbo ilẹ̀ náà tí a ti lè kọ́ ọ. Ọmọ náà gbà. Ó kọ́ ohun tí ó lè rí kọ́ ní Yale nípa ewéko, òkúta, àti ojú ọjọ́, ó sì gba oyè rẹ̀ ní 1889.

Níwọ̀n bí ẹ̀kọ́ tí ó ń wá kò ti sí nílé, ó gbọ́dọ̀ lọ wá a lẹ́yìn odi. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù ní ọdún náà, ó sì lọ rí Sir Dietrich Brandis ní ìlú Bonn ní ilẹ̀ Jámánì. Ọkùnrin yìí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi ṣe alábòójútó igbó tíìkì ní ilẹ̀ Bọ́mà láti 1856, tí ó sì di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ lórí igbó ilẹ̀ Íńdíà ní 1864. Ilẹ̀ Bọ́mà yìí kì í ṣe àjèjì sí wa, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa jagun níbẹ̀ nígbà ogun Hitler. Okùn tí Brandis sì ta dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí láti inú iṣẹ́ igbó ilẹ̀ Bọ́mà ni H. N. Thompson ti wá di olórí iṣẹ́ igbó ní Gúúsù Nàìjíríà ní 1903.

Brandis rán ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ igbó ti ìjọba Faransé ní ìlú Nancy. Níbẹ̀ ni Pinchot ti kọ́ bí igi ṣe ń dàgbà, bí a ṣe ń wọn igi tí ó dúró kí a tó gé e, àti òfin tí ó de igbó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù lọ ni èyí tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí nínú igbó Sihlwald, tí í ṣe ohun ìní ìlú Zurich ní ilẹ̀ Switzerland. Ìlú náà ti ní igbó yìí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ó ń gé igi níbẹ̀ lọ́dọọdún, ó ń rí owó sí àpò ìlú, síbẹ̀ igbó náà kò tán.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé ọgbọ́n tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí. Bí irú igi kan bá ń lo 80 ọdún kí ó tó gbó, tí a sì pín igbó sí ọ̀nà 80, tí a ń gé ọ̀nà kan lọ́dún tí a sì ń jẹ́ kí igi mìíràn hù dípò rẹ̀, nígbà tí a ó bá fi gé èyí tí ó kẹ́yìn, èyí àkọ́kọ́ yóò ti tún tó gé. Èlé ni a ń ná; owó ìpìlẹ̀ wà níbi tí ó wà. Ẹni tí ó bá gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti jẹ èlé, ó ti jẹ ìpìlẹ̀, ó sì ti jẹ ogún ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn. Pinchot rí i pé kì í ṣe pé kí a má gé igi rárá ni ìtọ́jú igbó, bí kò ṣe pé kí a mọ iye tí a lè gé.

Brandis fẹ́ kí ó dúró kọ́ ẹ̀kọ́ sí i, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Lẹ́yìn ohun tí ó lé díẹ̀ ní ọdún kan, ó padà sílé ní òpin 1890. Ní 1892, George Vanderbilt, ọlọ́rọ̀ ńlá kan, gbà á láti máa bójú tó igbó rẹ̀ ní Biltmore, lẹ́bàá ìlú Asheville ní North Carolina. Igbó tí a ti gé ní ìgékúgèé tí iná sì ti jó ni. Níbẹ̀ ni Pinchot ti kọ́kọ́ dán ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò lórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Ní 1898, ìjọba àpapọ̀ pè é láti wá ṣe olórí ẹ̀ka igbó ní Washington. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ igbó yìí kò ní igbó kankan ní ìkáwọ́ rẹ̀, nítorí abẹ́ ẹ̀ka mìíràn ni igbó ìjọba wà.

Níhìn-ín ni ìṣòro tí ó tóbi jù lọ ti yọjú. Àwọn onígẹdú àti àwọn onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó lè gbà wọ́n nímọ̀ràn kò pọ̀. Pinchot mọ̀ pé bí gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí bá níláti ré òkun kọjá bí òun ti ṣe, àwọn ọmọ olówó nìkan ni yóò kọ́ ọ. Nítòótọ́, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ igbó ní Cornell àti ní Biltmore ní 1898, ṣùgbọ́n ti Cornell kú ní 1903 nígbà tí owó ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, ti Biltmore sì kógbá sílé ní 1913.

Ní 1900, Gifford àti àwọn òbí rẹ̀ kó 150,000 dọ́là kalẹ̀ fún Yale láti fi dá ilé-ẹ̀kọ́ igbó sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Henry Graves, ni a fi ṣe olórí rẹ̀. Ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣe pàtàkì: ẹni tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì ni ó wà fún, yóò sì fi ọdún méjì kọ́ ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ kí ó tó gba oyè kejì. Ní àkókò ooru, orí ilẹ̀ ìdílé Pinchot ní Milford ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pàgọ́ sí láti kọ́ iṣẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Orí àwọn òkè tí ọ̀pá àáké baba ńlá ti sọ di ìhòòhò ni ọmọ ọmọ ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ṣe ń mú igbó bọ̀ sípò. Graves ni ó rọ́pò Pinchot nínú iṣẹ́ ìjọba nígbà tí ó yá, William Greeley tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ní 1904 ni ó sì tẹ̀lé Graves. Aldo Leopold, tí ìwé rẹ̀ lórí ilẹ̀ àti ẹranko di olókìkí káàkiri ayé, jáde níbẹ̀ ní 1909.

A kò gbàgbé ẹ̀kọ́ nípa igi tí a ti gé pẹ̀lú, nítorí kí ni èrè títọ́jú igbó bí pákó bá ń jẹrà lórí ilé? Ní 1910, ilé ìwádìí ńlá kan ṣí ní Madison ní Wisconsin, ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú Yunifásítì ibẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí agbára igi, bí a ṣe lè gbẹ pákó kí ó má là kí ó má sì wọ́, àti oògùn tí a lè fi rẹ igi kí ikán àti olu má bà á jẹ́.

Nígbà tí Theodore Roosevelt di Ààrẹ ní 1901, ó gbọ́ ti Pinchot. Ní 1905, a kó igbó ìjọba sí abẹ́ iṣẹ́ tí Pinchot ń ṣe olórí rẹ̀. Ní 1907, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin pé Ààrẹ kò gbọdọ̀ fi igbó kún ti ìjọba mọ́ ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà ní ìwọ̀-oòrùn. Kí Roosevelt tó fọwọ́ sí òfin náà, òun àti Pinchot ti sọ mílíọ̀nù 16 eéka di ti ìjọba. Nígbà tí ó fi di 1910, igbó ìjọba ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 172 eéka.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dí ọ̀nà àwọn alágbára kò lè ṣàìrí ìjà. Lábẹ́ Ààrẹ Taft, Pinchot fi ẹ̀sùn kan mínísítà tí ó wà fún ọ̀ràn ilẹ̀ pé ó fẹ́ jẹ́ kí ilẹ̀ èédú ní Alaska bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba, ó sì mọ ohun tí yóò yọrí sí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní 1910, Taft lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Púpọ̀ nínú ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀ràn náà dá mínísítà láre, síbẹ̀ mínísítà náà fi ipò sílẹ̀ ní 1911.

Kò yẹ kí a sọ rere ẹni kan kí a sì fi àbùkù rẹ̀ pamọ́. Pinchot fọwọ́ sí i pé kí a fi omi bo àfonífojì ẹlẹ́wà Hetch Hetchy ní California kí ìlú San Francisco lè rí omi mu. Ọ̀ràn yìí ba àárín òun àti John Muir jẹ́. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí a sọ di igbó ìjọba ni ó jẹ́ ilẹ̀ baba àwọn ẹ̀yà tí ó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a kò sì bi wọ́n léèrè. Àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí a máa fi iná díẹ̀díẹ̀ sun koríko abẹ́ igi. Pinchot àti àwọn tí ó tẹ̀lé e ka gbogbo iná sí ọ̀tá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ rí i pé bí a kò bá jẹ́ kí iná kékeré jó nínú irú igbó kan, ìdọ̀tí yóò kó jọ títí iná ńlá yóò fi run gbogbo rẹ̀. Bákan náà ni ó bá àwọn kan rìn tí ń kọ́ni pé ó yẹ kí a máa yan ẹni tí yóò bímọ bí ẹni ń yan irúgbìn, ẹ̀kọ́ búburú tí ó ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn níbi.

Ìlélẹ́nu-iṣẹ́ kò pa á lẹ́nu mọ́. Ó fẹ́ Cornelia Bryce ní 1914, obìnrin tí ó jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn obìnrin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó jẹ Gómìnà Pennsylvania, láti 1923 dé 1927 àti láti 1931 dé 1935. Ní 1931, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n gógó, ìjọba rẹ̀ gba 20,000 máìlì ọ̀nà ìgbèríko láti tún ṣe, kí àwọn àgbẹ̀ lè jáde kúrò nínú ẹrẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 1946, ní ẹni ọdún 81. Ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1947, ní 1949 a sì fi orúkọ rẹ̀ pe igbó ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Washington.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, ohun tí ó yẹ kí a rí mú nínú ìtàn yìí kò farasin. Àwọn ìrókò, ọ̀gànwó àti afàrà tí àwọn baba wa bá nínú igbó kò pọ̀ mọ́ bíi ti àtijọ́. Àwa náà ti gé, a sì ti tà. Àwọn ọmọ wa kò níláti ré òkun kọjá mọ́ kí wọ́n tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, nítorí láti 1963 ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ igbó ti wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Bí ọmọ kan bá sọ pé òun fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ igbó, kí òbí rẹ̀ má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà pé ẹni tí ó lọ sí Yunifásítì kò tún yẹ kí ó padà sínú igbó. Baba Pinchot ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀nà náà han ọmọ rẹ̀, nígbà tí kò tíì sí ẹni tí ń gba ibẹ̀. Bí Zurich bá sì lè fi igbó ìlú kan ná owó fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láìjẹ́ kí ó tán, ìlú tí ó bá ní ilẹ̀, tí ó ní sùúrù, tí ó sì ní ọmọ tí ó mọ iṣẹ́ náà, lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.