Imam Al-Sanusi àti Ẹ̀rí Wíwà Ọlọ́hun

Ìlú Tlemcen, ní orílẹ̀-èdè Algeria òde òní, ni Muhammad ọmọ Yusuf Al-Sanusi gbé ayé rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ó kú sí ní ọdún 895 Hijira (1490). Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Abd al-Rahman Al-Tha'alibi ti ìlú Algiers sì wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀. Onísúfì tí ó jìnnà sí ààfin ni, ṣùgbọ́n ìmọ̀ Taohiidi ni ó gbé orúkọ rẹ̀ ga.

Ó kọ ìwé àdìsọ́kàn ní ìpele ńlá, àárín àti kékeré. Èyí kékeré, Umm al-Barahin, ni ó tàn kálẹ̀ jù lọ. Nínú rẹ̀, ó ka ìròyìn ogún tí ó di dandan fún Ọlọ́hun, wíwà sì ni àkọ́kọ́.

Ẹ̀rí rẹ̀ lọ báyìí: kò sí ohun kan nínú ayé tí kì í rìn tàbí kí ó dúró. Ìrìn ń dé, ó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìdúró. Ohun tí ń dé tí ó sì ń lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò lè yà kúrò lára rẹ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ayé lè wà, ó sì lè má wà; méjèèjì dọ́gba lórí ìwọ̀n. Bí apá kan bá wá wúwo jù, ẹnìkan ni ó mú un wúwo. Bí ẹni náà bá tún ní ẹni tí ó dá a, ọ̀rọ̀ yóò máa lọ láìlópin, tàbí kí ó yí padà sórí ara rẹ̀. Làákàyè kọ méjèèjì. Nítorí náà, Olùpilẹ̀ṣẹ̀ kò ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé Al-Sanusi kò gbà pé kí mùsùlùmí tí ó bàlágà kàn tẹ̀lé ẹnu ẹlòmíràn nínú ìgbàgbọ́. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí mọ Ọlọ́hun. Kí wá ni ti àgbẹ̀ àti ìyá ọlọ́jà tí kò kẹ́kọ̀ọ́? Àwọn olùṣàlàyé ìwé rẹ̀ fèsì pé ẹ̀rí ní ṣókí tó fún wọn: ẹni tí ó wo ẹ̀dá, tí ó sì mọ̀ pé ó ní Ẹlẹ́dàá, ti ní ẹ̀rí.

Síbẹ̀, àwọn kan ní ilẹ̀ Hausa pe gbáàtúù ní kèfèrí nítorí àìmọ ẹ̀rí. Shehu Usman dan Fodio (1754–1817) tako wọn gidigidi, bí òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ń kọ́ni ní Taohiidi.

Ahmad Baba ti Timbuktu (1556–1627) ṣe àkékúrú ìwé ìtàn ayé Al-Sanusi, èyí tí Al-Mallali, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kọ. Ìbéèrè tí Imam náà fi sílẹ̀ kan olùkọ́ ní Ìlọrin bí ó ti kan ti Bodokro ní àgbègbè Bouaké: kí ẹ̀rí fi ẹsẹ̀ ìgbàgbọ́ múlẹ̀, kí ó má sì di idà lọ́rùn aláìmọ̀kan. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.