Percy Julian àti Oògùn inú Ẹ̀wà Kàlàbá

Ẹ̀yin olùtọ́jú àti òṣìṣẹ́ ìlera, bí ẹ bá ń fún àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ń rà ní rivastigmine, ẹ mọ̀ pé ìtàn oògùn náà kan Nàìjíríà. Láyé àtijọ́, àwọn Efik ìlú Kàlàbá a máa fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀wà olóró kan, esere. Bí ó bá bì í, ó jàre. Bí kò bá bì í, ó kú. Ní 1864, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì yọ physostigmine láti inú ẹ̀wà náà. Kò pẹ́ tí ó fi di oògùn glaucoma, àrùn tí ń fọ́ni lójú.

Percy Lavon Julian ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to oògùn yìí pọ̀ láìlo ẹ̀wà. Ọmọ-ọmọ ẹrú ni. A bí i ní Montgomery, Amẹ́ríkà, ní 1899. Nígbà tí ó wọ Yunifásítì DePauw, ó ní láti máa kọ́ ẹ̀kọ́ girama pọ̀ mọ́ ti yunifásítì, síbẹ̀ òun ni ó ṣe ipò kìíní ní 1920. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Vienna ní 1931. Ní 1935, òun àti Josef Pikl parí iṣẹ́ physostigmine ní DePauw. Síbẹ̀, nítorí àwọ̀ rẹ̀, wọn kò fún un ní ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó lọ sí iléeṣẹ́ Glidden ní Chicago, níbi tí ó ti fi sóyà ṣe progesterone. Ní 1950, àwọn ọ̀tá gbìyànjú láti dáná sun ilé rẹ̀. Ní 1951, wọ́n ju àdó olóró sí i. Kò kó lọ. Ó kú ní 1975.

Ní nǹkan bí ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn wá rí i pé èròjà kan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, acetylcholine, máa ń dín kù nínú àrùn Alzheimer. Physostigmine kì í jẹ́ kí èròjà náà tètè bàjẹ́, nítorí náà wọ́n dán oògùn ojú yìí wò fún ìgbàgbé. Agbára rẹ̀ kì í pẹ́ lára, ó sì ń mú èébì wá. Ṣùgbọ́n àwòṣe rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe rivastigmine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2000.

Ẹ rántí pé kò wo àrùn náà sàn; ó kàn lè mú kí iyè sàn díẹ̀ fún ìgbà kan ni. Ẹ fún aláìsàn ní oúnjẹ pẹ̀lú kápúsù rẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ èébì àti ìṣubú. Ẹ má ṣe fi ẹ̀wà náà tọ́jú ẹnikẹ́ni láé: májèlé ni.