Ta Ló Ń Ka Ohun Tí Helen Keller Tẹ̀ Padà Fún Un?

Nígbà tí mo lọ ṣe TP lọ́dún tó kọjá, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá. Mo pinnu pé kí n tó kúrò níbẹ̀, gbogbo wọn á máa fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀wé láìwo kíbọọ̀dù. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí: orí F àti J ní ìlà kékeré kan tó yọ sókè, ibẹ̀ ni ìka tí a fi ń júwe, ti òsì àti ti ọ̀tún, máa ń sinmi lé, kí àwọn ìka yòókù tó mọ ipò wọn.

Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ lójú. B á di d, ọ̀rọ̀ á fò láàárín ìlà. Tó bá ń fẹnu sọ ìtàn, ẹ ò ní fẹ́ kó dákẹ́. Tó bá mú bíró, ojú rẹ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Mo da aṣọ bo ọwọ́ rẹ̀ àti kíbọọ̀dù, mo ń pe lẹ́tà fún un títí ìka rẹ̀ fi mọ̀nà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti ń yára ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ kankan lé mi lọ́wọ́ rí. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Àkókò yẹn náà ni mo ń múra iṣẹ́ sẹ́mínà lórí Helen Keller, tí mo sì ń ka ìwé tó kọ nípa ayé ara rẹ̀, èyí tó jáde ní 1903. Inú ìwé yẹn ni mo ti rí ohun tí mo gbójú fò.

Ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1880 ni wọ́n bí Helen ní Tuscumbia, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ oṣù mọ́kàndínlógún ni nígbà tí àìsàn kọlù ú. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, kò ríran mọ́, kò sì gbọ́ràn mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1887, Anne Sullivan dé ilé wọn. Ọmọ ogún ọdún ni, ojú tirẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ dá, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú tó ń jẹ́ Perkins, ní Boston, ló ti kàwé jáde. Ó ń fi ìka kọ lẹ́tà sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà. Ìtàn ẹ̀rọ omi, níbi tí Helen ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun gbogbo ló ní orúkọ, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. N kò ní dúró níbẹ̀. Ohun tó mú mi dúró ni pé lẹ́yìn ọjọ́ náà, Anne kò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Odindi gbólóhùn ló ń kọ sí i lọ́wọ́, bí ìyá ṣe ń bá ìkókó tí kò tíì lè fèsì sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ti kún ìka Helen kó tó fọwọ́ kan táípùráítà. Èmi ńkọ́? Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì fún ọmọ ẹlẹ́nu dídùn yẹn ní a-s-d-f.

Ní 1891, nígbà tí Helen jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó kọ ìtàn kan, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá Perkins gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí. Wọ́n gbé e jáde. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ó jọ ìtàn kan tí Margaret Canby ti kọ ṣáájú. Wọ́n ti fìka ka ìtàn yẹn sí i lọ́wọ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ti gbàgbé pé òun gbọ́ ọ rí, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló kù sí i nínú. Wọ́n kó èèyàn mẹ́jọ jọ láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n ní kí Anne jáde kúrò nínú yàrá. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, bó bá ń kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ pàápàá, ẹ̀rù á dédé bà á pé bóyá ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tòun. Mo rántí ọmọ tó ń pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́.

Ní 1896 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Cambridge, ní Massachusetts, láti múra fún kọ́lẹ́ẹ̀jì Radcliffe. Kò lè kọ nǹkan sílẹ̀ ní kíláàsì, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ. Ó di ilé kó tó fi táípùráítà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Hammond ni ẹ̀rọ tó yàn láàyò. Apá tí lẹ́tà wà lára rẹ̀ ṣeé yọ: ẹ lè yọ ti Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ fi ti Gíríìkì tàbí ti ìṣirò sí i. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé láìsí ẹ̀rọ yìí, ó ṣòro kí òun tó lè lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ẹ wá wo ìdánwò 1897. Yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi í sí, kí ariwo ẹ̀rọ má baà dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Nọ́ńbà 233 ni wọ́n fún un kí ẹni tó ń máàkì má baà mọ ẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ni ìlò nọ́ńbà, nígbà tí táípùráítà ti tú àṣírí rẹ̀? Ọ̀gbẹ́ni Gilman, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, ló ń fìka ka ìbéèrè sí i lọ́wọ́. Bó bá tẹ̀ ẹ́ tán, Gilman á ka ohun tó tẹ̀ padà sí i lọ́wọ́, Helen á sọ ibi tó fẹ́ kó yí padà, Gilman á sì fi í sí i. Ó yege nínú gbogbo rẹ̀.

Àǹfààní yẹn kò tún sí lẹ́yìn náà. Nígbà ìdánwò tó kù ní 1899, wọn ò gbà kí Anne ka ìbéèrè fún un, Braille ti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọjọ́ méjì péré ló kù kó tó rí i pé àmì áljẹ́brà inú rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó mọ̀. Ó yege síbẹ̀. Ní Radcliffe, tó wọ̀ ní 1900, kò sẹ́ni tó ń ka ìdáhùn rẹ̀ padà fún un. Bí àkókò bá ṣẹ́kù, ìwọ̀nba àṣìṣe tó bá rántí pé òun ṣe ló lè ṣàtúnṣe rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò lọ́jọ́ ìdánwò tiwa! Ní 1904, ó gboyè BA, adití tó tún jẹ́ afọ́jú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe àṣìṣe púpọ̀. Kò sẹ́ni tó nílò láti da aṣọ bò ó. Ṣùgbọ́n bébà tó ti inú ẹ̀rọ jáde dà bí òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀, àyàfi tí ẹnìkan bá jókòó tì í. Anne ló ń ṣe é fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì kú ní 1936. Polly Thomson, tó ti wà lọ́dọ̀ wọn láti 1914, ló gbà á ṣe. Ní 1946, nígbà tí Helen wà ní ìrìnàjò ní Yúróòpù, iná jó ilé rẹ̀ ní Connecticut, ìwé tó ń kọ nípa Anne sì jóná pẹ̀lú rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé náà jáde ní 1955. Ó kú ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 1968, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 88.

Mo mọ̀ pé ìṣòro ọmọ kíláàsì mi yàtọ̀ sí ti Helen. Ojú rẹ̀ ń ríran, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n òun náà kò lè ka ohun tó tẹ̀ dáadáa, mo sì ti fi í sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mò ń fi wọ́ọ̀ṣì ka bó ṣe ń yára sí. Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo kó aṣọ kúrò. Mo ní kó tẹ ìtàn ewúrẹ́ bàbá rẹ̀ tó ti sọ fún wa lẹ́nu, kó má sì pa á rẹ́ kí n tó dé. Mo fa àga sún mọ́ ọn, mo kà á jáde, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú gbogbo b àti d rẹ̀. Ní ìlà kẹta ó dá mi dúró: ó ní Àǹtí, ewúrẹ́ náà kò já okùn, ó jẹ okùn ni. Ó fi ìka wá F àti J, ó tún un ṣe, ó sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti òkè.